Iye Ìwé Tí A Kò Ṣí

Yàrá kòkó Bàbá wa ní Ìkéré
kò ní kòkó mọ́ láti ọdún tí Bàbá ti papò dà.
Òórùn rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, ó kan díẹ̀, bí ẹmu àná.
Ibẹ̀ ni Ìlésanmí kó ìwé àwòrán rẹ̀ sí,
àpótí mẹ́rìnlá lórí pákó, kí ikán má baà gùn ún,
ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá, páálí funfun lẹ́yìn rẹ̀
bí ẹni tí wọ́n de ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ igi kó má baà tẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn án.
Ẹ̀dà kìn-ín-ní 'Ará Òṣùpá Keje' nìyí.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péré ni wọ́n tẹ̀.
Bí wọ́n bá fi ṣe sinimá,
ìwé kan ṣoṣo yìí á ra ilẹ̀ méjì lọ́nà Adó."
Mo bi í pé ìgbà wo.
Ó ní, "Lọ́jọ́ iwájú,"
bí ẹni ń dárúkọ ìlú tí mọ́tò ń lọ.

Mo rántí ọdún tí Bàbá di kòkó mú.
Àwọn ará àdúgbò ti tà, wọ́n ti fi páànù kan ilé;
Bàbá ní owó á gòkè, ká ṣe sùúrù.
Òjò Òkúdù rọ̀, kòkó bu nínú àpò.
Ayẹ̀kòkówò dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan,
ó fi ọ̀bẹ la ọgọ́rùn-ún hóró lórí pátákó,
inú àwọn kan dúdú bí èédú, inú àwọn kan hu funfun.
Kò sọ nǹkan kan. Ó nu ọ̀bẹ sára ṣòkòtò.
Ìlésanmí kéré nígbà náà, ó jókòó lórí àpò, ó ń jẹ ẹ̀pà.
N kò mọ ohun tó rí.

Kòkó, à ń là á ká tó mọ iye rẹ̀.
Ìwé yìí, ọjọ́ tí o bá là á ni iye rẹ̀ lọ.
Ta ló wá mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti bu?

Lóru ni ó ń tan fóònù wo iye.
Lọ́jọ́ Ajé wọ́n ní sinimá ń bọ̀: iye fò.
Lọ́jọ́bọ̀ wọ́n ní sinimá ti forí ṣánpọ́n: iye wó.
Bẹ́ẹ̀ ìwé ò kúrò lójú kan!
"Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́," ni ó máa ń wí fún mi,
èyí tí mo gún lálẹ́ yẹn sì tutù níwájú rẹ̀.
Olósùnta náà ò kúrò lójú kan,
kò sì sẹ́ni tó ń jí lówùúrọ̀ bi í pé èló ló dà.

Tìrẹni ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ló já ọ̀rá lọ́jọ́ Àìkú tí ibà kò jẹ́ kó lọ ṣọ́ọ̀ṣì.
A bá a nílẹ̀, epo àkàrà ní ìka,
ó ti ka ẹ̀dà kìn-ín-ní dé ìkẹfà.
Ìlésanmí káwọ́ lérí, ó jókòó.
Mo ti nawọ́ sí pàṣán.
Ọmọ náà ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀ pé
wọn kì í náwó lórí òṣùpá yẹn?
Obìnrin tó ń wa ọkọ̀ wọn
bá owó bébà nínú àpótí ìyá ìyá rẹ̀,
ó fi dáná yá nígbà tí òtútù mú un."

Ìlésanmí dákẹ́ títí.
"Ojú ewé wo?" ni ó bi í.
Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tọ́jú rẹ̀. Kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó ra ọ̀rá tuntun.
Ó fi mẹ́fà tó lépo fún ọmọ;
àwọn yòókù ṣì wà ní yàrá kòkó, a ṣì ń retí.
Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń rà, ẹ bá wa sọ fún un
pé èkínní ti lépo,
ṣùgbọ́n ó dùn.